Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ àti Olè Búrẹ́dì

Ọkọ àbúrò mi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà, kò sì sí ẹni tó lè bá a jókòó pẹ́ kó má mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ funfun báláú, ó mọ́ bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé: KÒ TÍÌ SÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ WA TÓ FÌDÍ RẸMI. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kò kọ síbẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá jọ ẹni tó lè fìdí rẹmi, ọkọ àbúrò mi kì í jẹ́ kó dé iwájú àwọn olùdánwò rárá. Yóò ní, "O kò tíì gbó." Àwọn kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n wà ní àpọ́n, ọmọ wọn ti ń sáré kiri báyìí, àwọn kò tíì gbó. Ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni "díẹ̀díẹ̀". Díẹ̀díẹ̀, ẹ rọra. Díẹ̀díẹ̀, ẹ wo dígí. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe sọ ọ́ ní Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó rò pé oríkì ni.

Ọkọ̀ ìkọ́ni yìí ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ àbúrò mi ti mọ́ bíréèkì olùkọ́ yẹn lára débi pé bó bá wọ ọkọ̀ èrò, kódà kó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ẹsẹ̀ náà á máa gbá ilẹ̀ ní gbogbo oríta. Mo ti rí i tó tẹ bíréèkì lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú nílé ara rẹ̀, nígbà tí a ń wo ìdíje ọkọ̀ lórí tẹlifíṣàn. Tábìlì tó wà níwájú rẹ̀ ló jìyà rẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tí kò tíì gbó, ẹni tó pẹ́ jù lórí igi ni ìyàwó rẹ̀, ìyẹn àbúrò mi obìnrin.

Agbẹ̀bí ni àbúrò mi. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ọgbà ilé wọn ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà mọ. Ọkọ rẹ̀ gbà pé ẹni tó bá mọ ẹ̀yìn-rìn, iwájú kò lè ṣòro fún un mọ́, nítorí náà ẹ̀yìn ló ń kọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àbúrò mi tó yí ọrùn padà, tó ń fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ yí táǹkì omi ká, tó ń fi ẹ̀yìn gba àárín ìkòkò òdòdó kọjá. Ó lè fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ gba àárín korobá omi méjì kí omi inú wọn má mì. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan ti iwájú, tí imú ọkọ̀ bá ti kan géètì, ọkọ rẹ̀ á ní, "Ó tó. Padà."

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá máa jẹ́ ọ̀rọ̀ àwàdà lọ, bí kì í bá ṣe pé ilé ìwòsàn wọn ra ọkọ̀ kékeré kan, èyí tí agbẹ̀bí kan á máa gbé lọ sílé àwọn aboyún. Àbúrò mi ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀. Kò tíì sí iṣẹ́ tó wù ú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìwakọ̀ kí oṣù tó parí, olùkọ́ ẹni ló sì gbọ́dọ̀ mú ni lọ. Bí kò bá rí i ṣe, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹnì kejì rẹ̀, obìnrin kan tó ní láísẹ́ǹsì lóòótọ́, àmọ́ tí aboyún á máa rọbí lọ́wọ́, tí òun á máa ròyìn fún un bí ìrọbí tirẹ̀ ṣe rí.

"O kò tíì gbó," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mí ni?" ni àbúrò mi wí.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó kọ sẹ́yìn ọkọ̀ ló ń dà á láàmú. Bí aya olùkọ́ bá fìdí rẹmi, kí ni wọ́n á kọ síbẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí olóòtú ìwé ìròyìn wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé ni èmi máa ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Mo ti fi gègé ba oorun ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé jẹ́. Ẹni tó ń kọ̀wé lórí géèmù fún wa ni ọrùn ń dùn, géèmù náà ló sì fà á. Olóòtú ní ilé-iṣẹ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí géèmù ọlọ́pàá tuntun, wọ́n sì ń pe àwọn akọ̀ròyìn pé kí wọ́n wá fọwọ́ kàn án kó tó jáde sọ́jà. Wọ́n ní kí oníkálukú mú ènìyàn méjì tí kò gbá géèmù rí dání, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ẹni gbogbo lè lóye rẹ̀.

"Ẹni méjì tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀," ni olóòtú wí. "Pẹ̀lú ìwọ, ó di mẹ́ta."

Mo pe àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló wà wá lọ. Kẹ̀kẹ́ kan yọ kọjá lára wa. Bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kọjá lára wa, ó sì bojú wẹ̀yìn tàánú-tàánú.

"Ẹ̀gbọ́n," ọkọ àbúrò mi wí, ó ń wò mí nínú dígí, "wọ́n ní lílé olè ni géèmù ọ̀hún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Olè á gbé ọkọ̀ sá, ẹ̀yin ọlọ́pàá á fi ọkọ̀ lé e."

"Ọkọ̀!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi bá ìyàwó olè yẹn kẹ́dùn. Lónìí ni àwọn ọmọdé ibẹ̀ á rí ẹni tí wọ́n ń pè ní awakọ̀."

"Ẹ ó mú un?" àbúrò mi bi í, jẹ́jẹ́.

"Ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Èmi náà á mú un."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré.

"Ó dáa," àbúrò mi wí. "Bí ẹ bá mú un tí èmi ò mú un, mi ò ní dárúkọ láísẹ́ǹsì létí yín mọ́ títí ọdún á fi yípo. Ṣùgbọ́n bí èmi bá mú un tí ẹ̀yin ò mú un, èmi ni màá wa ọkọ̀ yìí délé lónìí, lójú títì, ní gbangba. Ẹ ó sì mú mi lọ ṣe ìdánwò ní Mọ́ńdè."

"Mo gbà," ó wí kíá, bí ẹni tí wọ́n ní kó wá gba ẹ̀bùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni ẹlẹ́rìí o."

Mo ní mo gbọ́. Ìgbà tí mo fi máa sọ bẹ́ẹ̀ tán, kẹ̀kẹ́ mìíràn ti kọjá.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé-iṣẹ́ náà wà, lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta bọ́tìnì àti òwú. Àwọn ọ̀dọ́ kún ibẹ̀, gbogbo wọn fi gbohùngbohùn etí kọ́ ọrùn, kò sí ẹni tó lọ aṣọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó gé irun mọ́lẹ̀ wá pàdé wa. Atọ́nà ni wọ́n kọ sí káàdì àyà rẹ̀, Atọ́nà náà ni màá máa pè é. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wa, ó sì ní ká ní sùúrù, ẹnì kan ṣì wà níwájú wa.

Ẹni tó wà níwájú wa jẹ́ akọ̀ròyìn géèmù pàtàkì, irú ẹni tó máa ń wọ awò dúdú nínú ilé. Atọ́nà fẹ́ ṣàlàyé fún un, ó gbé ọwọ́ sókè. "Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu," ó wí, "kí wọ́n tó bí géèmù ni mo ti ń gbá a." Ó jókòó, ó tẹ bọ́tìnì kan báyìí, ó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọ̀gá ọlọ́pàá tirẹ̀. Ó tẹ òmíràn, ó ti ara rẹ̀ mọ́ àtìmọ́lé. Ibẹ̀ ló wà títí àkókò rẹ̀ fi tán. Nígbà tó ń jáde, ó tún awò rẹ̀ ṣe, ó ní géèmù náà kò jinlẹ̀.

Ó kàn wá.

Àga méjì ni wọ́n tò síwájú ojú ẹ̀rọ kan tó fẹ̀ bí ògiri. Atọ́nà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, awakọ̀ á jókòó síhìn-ín, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á jókòó sọ́hùn-ún. Awakọ̀ ló ni sítíárìn, tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré, àti bíréèkì. Lábẹ́ ẹsẹ̀ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun ìtẹ̀ kan ṣoṣo ló wà, ti fèrè ọlọ́pàá ni. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọkọ̀ á yà fún yín, iná pupa á sì di àwọ̀ ewé."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi mi orí. Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Ó ti wà lórí àga awakọ̀, ó ń fa àga síwájú, ó ń tì í sẹ́yìn, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kiri.

"Kí lẹ ń wá, sà?"

"Bẹ́líìtì."

"Kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀, sà. Àga lásán ni."

Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ wò ó bí ẹni tó sọ pé kò sí orí lọ́rùn òun.

Wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ inú mi: mo ti kó èébú mélòó kan sẹ́nu kí n tó débẹ̀, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ìlú odindi ni wọ́n kó sínú nǹkan yẹn. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá níbẹ̀, ilẹ̀ ń dán, obìnrin kan ń sá aṣọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọkùnrin kan nísàlẹ̀ ń bá a jà pé omi aṣọ rẹ̀ ń kán sí òun lórí. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n jà. Kò sí ilẹ̀kùn tí o kò lè kàn, kò sí òpópónà tí o kò lè yà sí. O lè fi olè sílẹ̀ kí o lọ máa wo ológbò tó ń sùn lórí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì. Mo gbàgbé pé àgbàlagbà ni mí, mo ń pariwo pé, "Ẹ wo ológbò! Ẹ wo ológbò!"

Olè jáde. Ó jí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kún fún búrẹ́dì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò dé, ó sì gba iwájú àgọ́ ọlọ́pàá kọjá fìì. Búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Òun nìyẹn!" àbúrò mi kígbe.

"Mo rí i," ọkọ rẹ̀ wí. Ó tún dígí ṣe. Ó wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún. Ó tan iná ìyàsọ́nà. Ó dúró kí kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan kọjá. Ó gbéra.

"Ṣé kí n fọn fèrè?"

"Má dán an wò. Ariwo kì í jẹ́ kí awakọ̀ ronú."

A dé oríta àkọ́kọ́, iná pupa tàn, Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ sì dúró. Iwájú níbẹ̀, a ń rí ìdí ọkọ̀ búrẹ́dì tó ń kéré sí i.

"Ọkọ mi, olè ń lọ o!"

"Iná pupa ni."

"Ọlọ́pàá ni yín!"

"Ọlọ́pàá ló yẹ kó kọ́kọ́ dúró." Ó na ọrùn, ó bi mí pé, "Àbí irọ́ ni mo pa, Ẹ̀gbọ́n?"

Kò pa irọ́. Ìyẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oríta, ìyá arúgbó kan wà lẹ́bàá ìlà funfun tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ fi ń sọdá. Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ dúró fún un. Màmá náà gbé ẹsẹ̀ kan, ó sinmi. Ó gbé èkejì, ó wo ojú ọ̀run. Ó dé àárín, ó rántí nǹkan kan, ó padà. Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ fi ọwọ́ lé ọwọ́. Màmá tún bẹ̀rẹ̀.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ó wí fún wa.

"Ohun tí ẹ fẹ̀sọ̀ mú ti sá lọ," àbúrò mi wí.

Nígbà tí màmá náà dé òdìkejì nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ó yíjú padà, ó sì gbàdúrà fún ọlọ́pàá. Atọ́nà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sáré lọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá dúró tì wá, ẹnu wọn là. Kò sí ẹni tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń dán géèmù náà wò. Àwọn tó ṣe é gan-an ti gbàgbé pé wọ́n kọ́ màmá yẹn ní àdúrà.

Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ fẹ̀ lórí àga bí búrẹ́dì tó wú. Ó gbéra, ó ń tẹ̀ lé búrẹ́dì ilẹ̀ lọ, kò tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, títí ojú ẹ̀rọ fi ṣókùnkùn tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ti jáde kúrò nílùú. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ pé ìgbẹ́kẹ̀lé aráàlú nínú ọlọ́pàá kún dé ẹnu.

"Ẹ rí i?" ó wí. "Aráàlú gbẹ́kẹ̀ lé mi."

"Olè náà gbẹ́kẹ̀ lé yín," àbúrò mi wí. "Ẹ dìde níbẹ̀."

"Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun."

"Ọjọ́ kan ọ̀hún, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òní. Ẹ sún sọ́hùn-ún."

Wọ́n pààrọ̀ àyè. Àbúrò mi gbá sítíárìn mú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ jókòó sí ipò olùkọ́, ipò tó ti jókòó sí láti ìgbà tó ti jẹ́ gende. Ó wolẹ̀. Ó rí ohun ìtẹ̀ kan ṣoṣo lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, gẹ́lẹ́ níbi tó yẹ kó wà. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Olè jáde. Búrẹ́dì já bọ́. Àbúrò mi, tí kò rìn síwájú kọjá géètì rí láyé rẹ̀, fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ tọ́tù.

"Díẹ̀díẹ̀!" ọkọ rẹ̀ ké, ó sì tẹ ohun ìtẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá.

FÍÌÌÌ-FÀÀÀ! FÍÌÌÌ-FÀÀÀ!

Ọkọ̀ gbogbo fọ́n sọ́tùn-ún, wọ́n fọ́n sósì. Iná pupa di àwọ̀ ewé. Títì là gbalaja níwájú àbúrò mi.

"Ẹ ṣé o, ọkọ mi!"

"Rọra! Mo ní o rọra!" Ó tún tẹ̀ ẹ́. FÍÌÌÌ-FÀÀÀ! Ọkùnrin yìí ń tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ń sáré sí i. Ó ń tẹ̀ ẹ́ sí i, títì ń là sí i. Ojú rẹ̀ ti yọ síta. Gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ ló fi dá a lójú pé bí a bá ti tẹ nǹkan yẹn, nǹkan á dúró. Kò sì sí nǹkan tó dúró. Bọ́ọ̀sì yà wọ inú ọgbà òdòdó. Ọkùnrin kan tó ń ru dígí ńlá kọjá títì fi dígí náà sílẹ̀, ó sá. Ẹ mọ ohun tó gbẹ̀yìn dígí. Àbúrò mi gun àtẹ̀gùn ilé ìkàwé lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, ó bẹ́ gba inú omi orísun tó ń tú sókè kọjá, omi bo gbogbo ojú ẹ̀rọ.

"Ẹ má dáwọ́ dúró o! Ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ń tẹ̀ ẹ́! Ṣé o rò pé mi ò tẹ̀ ẹ́ ni? Kò ṣiṣẹ́!"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa!"

Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n pé lé wa lórí. Ẹnì kan ń sunkún ẹ̀rín. Atọ́nà ti gbá mi lápá mú, èmi náà ti gbá a lápá mú, a sì ń fò lórí kápẹ́ẹ̀tì wọn.

Bí a ṣe fẹ́ mú olè náà nìyí tó fi gbé ọgbọ́n kan jáde: ó yà wọ ọ̀nà tóóró kan láàárín ilé méjì. Àbúrò mi yà tẹ̀ lé e, ó kọlu ògiri. Ó tún un ṣe, ó kọlu ògiri kejì. Iwájú kò fẹ́ gbà fún un. Olè ń lọ. Gbogbo ilé ké, "Háà!" Atọ́nà rọra sọ ọ́ sí mi létí pé ibẹ̀ ni olè ti máa ń bọ́ mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, ọ̀nà yẹn kọ́lọkọ̀lọ títí dé etí odò.

Mo wo ojú àbúrò mi. Mo rí i tó wo ọ̀nà tóóró náà: ògiri lápá kan, táǹkì omi lápá kejì, ìkòkò òdòdó tí wọ́n tò lọ rẹrẹ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ gbọ́," ó wí, "ọgbà wa nìyí."

Ó yí ọkọ̀ po ní oríta, ó kọ ìdí rẹ̀ sí ọ̀nà náà. Ó yí ọrùn tirẹ̀ padà pẹ̀lú, lóòótọ́, lórí àga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀ àfi ojú àwa tí a ń wòran. Dígí orí ẹ̀rọ ló rántí nígbẹ̀yìn. Ó sì fi ẹ̀yìn lé olè.

Ẹ̀yin ará, mo ti ka ìwé, mo ti wo eré orí ìtàgé, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí nǹkan tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ń fi ìdí sáré! Ó yí táǹkì ká, kò kàn án. Ó gba àárín ìkòkò kọjá, ewé kan kò já. Ó ya kọ̀rọ̀ yìí, ó ya tọ̀hún, iyàrá náà ń yí mọ́ wa lójú. Ọkọ rẹ̀ sì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ igbe náà ti yí padà, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ ọ báyìí, kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́: "Ọwọ́ ọ̀tún! Tún un ṣe! Dígí! Ó dáa! Ó dáa, aya mi! Òsì díẹ̀! Ó dáa!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lórí ohun ìtẹ̀. FÍÌÌÌ-FÀÀÀ!

Olè bojú wẹ̀yìn, ó rí ìdí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá a. Mo rò pé ẹnu ló yà á. Àwọn tó ṣe géèmù ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Etí odò ni ó ti dúró. Àbúrò mi fi ẹ̀yìn gbé ọkọ̀ ọlọ́pàá sí ẹnu ọ̀nà náà ní ìbú, gbọ̀ngbọ̀n, bí ìdérí ìkòkò. Kò sí àyè tí eku lè gbà. Olè gbé ọwọ́ sókè, búrẹ́dì tó gbẹ̀yìn sì já bọ́ sí odò.

Ariwo tó sọ nínú iyàrá yẹn, àwọn oníbọ́tìnì nísàlẹ̀ gòkè wá wò ó.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ọkọ àbúrò mi nu iwájú orí. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àpò tí kọ́kọ́rọ́ wà. Mo rí bí ìlérí ṣe ń wá ọ̀nà àbáyọ lójú rẹ̀.

"Ó dára," ó wí. "Ó dára fún eré. Ṣùgbọ́n eré ni eré ń jẹ́. Títì kì í ṣe..."

Kò parí rẹ̀. Orin dún láti ojú ẹ̀rọ, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́rọ̀ wúrà: AMÚGBÁLẸ́GBẸ̀Ẹ́ TÓ FAKỌ YỌ. FÈRÈ RẸ LÓ LA Ọ̀NÀ.

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Atọ́nà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ méjèèjì. "Sà, kò sí ẹni tó lo fèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ bá a débi gbogbo! Kí ni ọgbọ́n yín?"

Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ wolẹ̀, ó wo ohun ìtẹ̀. Ó wo ọ̀rọ̀ wúrà. Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, mo sì rí i nígbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síwájú.

"Hẹ̀n," ó wí, "ìrírí ni. Ẹ mọ̀ pé awakọ̀ kò lè dá nìkan..."

"Ọkọ mi," àbúrò mi wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, "ṣé ẹ mọ̀ pé fèrè ni? Àbí bíréèkì lẹ rò pé ẹ ń tẹ̀?"

Gbogbo wa ń wò ó. Mo káàánú ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n mi ò káàánú rẹ̀ tó láti mójú kúrò. Bó bá ní bíréèkì ni, a jẹ́ pé olùkọ́ ìwakọ̀ kò mọ bíréèkì yàtọ̀ sí fèrè, ó sì ti gbé ọ̀rọ̀ wúrà rẹ̀ sọ nù. Bó bá ní fèrè ni, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn pé kó máa sáré lọ.

Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ni," ó wí.

"Ẹ mọ̀ pé mo tó ọkọ̀ wà?"

"Mo ti mọ̀ tipẹ́." Ó wo àwọn èrò ká. "Èmi kúkú ni mo kọ́ ọ."

Àbúrò mi na ọwọ́. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí i.

Ìgbà tí a dé ìsàlẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn. Àbúrò mi jókòó síbi awakọ̀, ó so bẹ́líìtì, ó wo dígí. Ọkọ rẹ̀ jókòó sí ipò olùkọ́, bíréèkì gidi sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó gbé wọn fún mi mú dání, ó sì ká ẹsẹ̀ jọ sórí àga bí ẹni tó jókòó lórí ẹní.

"Kí ẹsẹ̀ yìí má baà dà wá láàmú," ó wí fún mi, láìwo ẹ̀yìn.

Àbúrò mi fi ẹ̀yìn gbé ọkọ̀ jáde kúrò láàárín ọkọ̀ méjì mìíràn, bí abẹ́rẹ́ tó yọ lára aṣọ. Ó wá kọ iwájú sí títì. Kò sáré, kò fà. Kẹ̀kẹ́ kan fẹ́ kọjá lára wa, kò rí i ṣe. Mo rí orókún ọkọ rẹ̀ tó ń fò ní gbogbo oríta, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi dì í mú.

Ní oríta ńlá, iná pupa tàn. Àbúrò mi dúró. Ó dúró jẹ́jẹ́ débi pé bàtà tó wà lórí ẹsẹ̀ mi kò mì. Ọkọ rẹ̀ tú èémí. Kò sọ pé "díẹ̀díẹ̀". Ó wo ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó sì jọ pé ó rí nǹkan kan tí kò sí nínú ọgbà ilé wọn.

"Mọ́ńdè," ó wí, "ká tètè jí o. Wọ́n máa ń pọ̀ níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," àbúrò mi wí.

Iná ṣì pupa. Níwájú wa gan-an, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò dé dáadáa, a sì ń rí ohun tó kó: búrẹ́dì.

Àbúrò mi wo búrẹ́dì náà. Èmi náà wò ó. Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀, olùkọ́ tí kò tíì ní akẹ́kọ̀ọ́ tó fìdí rẹmi, na ọrùn síwájú, ó wò ó. Nígbà tí iná di àwọ̀ ewé, tí ọkọ̀ búrẹ́dì gbéra, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bóyá ẹni tó mọ òun wà nítòsí, ó sì ya ẹnu rẹ̀ gbàgà:

"Fíììì-fààà! Fíììì-fààà!"